Ohùn Tó Ń Pe Nímọ́tà ní Ilé Ìsàba

Ẹ kò lè tètè mọ Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ láàárín èrò. Ọmọge pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí ni, kì í pariwo, ó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní Isikan, ní Àkúrẹ́, nínú yàrá ẹ̀yìn tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí kànga àwọn ará ilé kejì. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, tó ti gbálẹ̀, tó ti fọ abọ́, á ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, á jókòó tì í bí ìyàwó tuntun ṣe ń jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀, kò tún ní dìde mọ́ àfi tí iná bá lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Ó ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà máa ń tẹ̀lé.

Àwọn obìnrin àdúgbò a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ìmọ́lẹ̀, iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe, tó jẹ́ pé ìjókòó nìkan la máa ń bá ọ?"

Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀yin màmá, mò ń kọ́ ẹ̀rọ bó ṣe máa sọ ohun tó ń ṣe é."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ fún yín ohun tí ẹ̀rọ kan sọ.

Ìyá Adébùsóyè, obìnrin Oǹdó kan tó ti ṣòwò kòkó títí tó fi sú u, ló ni ilé ìsàba kan ní ìlú wọn. Ilé ìsàba ni ibi tí ẹ̀rọ ti ń sàba lé ẹyin dípò adìyẹ, títí ẹyin yóò fi di òròmọdìyẹ. Yàrá tí àwọn ẹ̀rọ náà wà kò ní fèrèsé. Ó móoru bí abẹ́ apá ẹni, gílóòbù pupa kan ló wà lókè àjà, ìwọ̀nba tí èèyàn fi lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Tí ẹyin bá ti ń súnmọ́ àtipa, ẹ ó máa gbọ́ àwọn ọmọ inú rẹ̀ tí wọ́n ń ké láti inú èèpo, ohùn tín-ín-rín, ohùn tín-ín-rín, lọ́tùn-ún, lósì, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan. Ẹni tí kò bá mọ̀, á rò pé inú ògiri ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ òun.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ló kọ ètò tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ yẹn. Tí ooru bá pọ̀ jù tàbí tó dín kù, tí omi bá gbẹ, tí iná bá lọ, tí ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ bá ṣí sílẹ̀, ètò náà á ké. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní orúkọ òyìnbó gígùn kan tí wọ́n ń pe igbe yẹn. Àwa ò ní torí ìyẹn ká ahọ́n wa kò. Igbe ni igbe ń jẹ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀, ètò á dá iṣẹ́ dúró, á ké, ẹni tó bá gbọ́ á wá wò ó.

Ìyá Adébùsóyè ò fẹ́ aago. Ó ní, "Aago kẹ̀? Àwọn oní-áísìkirímù ń lu aago kọjá níbí láràárọ̀. Ta ló máa mọ èyí tó jẹ́ ti ẹyin?" Ó ní ohùn èèyàn lòun fẹ́, kó máa pe òṣìṣẹ́ lórúkọ nínú gbohùngbohùn.

Ohùn Wúrà ni wọ́n lò. Wúrà ni ẹ̀gbọ́n Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, òun ló máa ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Tó bá ní "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀," àwọn ọmọdé gan-an á pa ẹnu dé. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn, wọ́n da aṣọ ìbora bo orí nítorí ariwo kànga, Wúrà sì ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Ooru. Omi. Iná. Ìlẹ̀kùn. Ẹ̀rọ kìíní. Ẹ̀rọ kejì. Ó ṣí sílẹ̀. Ó gbẹ. Akíntúndé, wá wo ẹ̀rọ. Òógùn bò wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ìyá wọn ń kígbe láti pálọ̀ pé ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín sábẹ́ aṣọ ni.

Akíntúndé tí mo dárúkọ yẹn ni òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Tí ohùn náà bá pè é, á ní, "Mò ń bọ̀, Aǹtí," á dìde, kò sì sí wàhálà.

Ọdún tó tẹ̀lé e, ara Wúrà ò yá. Ibà ni wọ́n pè é. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹ sì mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Ìyá kì í tẹ̀lé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń sin ọmọ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ mọ ojú oórì. Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé Wúrà lọ. Wọ́n mú Ìyá Wúrà wọ yàrá, àwọn obìnrin jókòó dí ẹnu ọ̀nà títí àwọn tó lọ fi dé, tí wọ́n fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n gbà fún un. Kò sì béèrè.

Ṣùgbọ́n ní Oǹdó, ohùn Wúrà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Wúrà, Agnes lorúkọ ìsàmì rẹ̀, a máa lọ ra ẹyin nílé ìsàba yẹn. Àwọn ẹyin tí kò lọ́mọ nínú, tí wọ́n ti yẹ̀ wò sójú iná tí wọ́n sì yọ sọ́tọ̀, wọ́n máa ń tà á lẹ́dìn-ín-wó; òun á gbé e wọ bọ́ọ̀sì padà sí Àkúrẹ́, á tún un tà fún àwọn tó ń dín àkàrà ẹyin. Lẹ́yìn tí Wúrà lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lemọ́lemọ́. Lọ́jọ́ kan ó dé, ó bọ́ bàtà, ó ní, "Ó pe Akíntúndé lónìí." Ó wọlé lọ dùbúlẹ̀, oorun gidi sì gbé e lọ, èyí tí kò sùn láti ọjọ́ yìí.

Àánú ṣe Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ó ní, "Màámi, ohùn Aǹtí Wúrà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n fi sínú fóònù yín, ẹ ó máa gbọ́ ọ nígbà tó bá wù yín."

Ìyá rẹ̀ mi orí. "Nínú fóònù, èmi ni màá máa tẹ̀ ẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń pe èèyàn."



Ó wá di pé Akíntúndé lọ dáko sí Oda, wọ́n gba òṣìṣẹ́ mìíràn. Nímọ́tà ló ń jẹ́, ọmọ àwọn Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tajà ní Àkúrẹ́, ọmọbìnrin tó já fáfá, tó máa ń fi gbogbo nǹkan rẹ́rìn-ín. Ìyá Adébùsóyè tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ètò pé òun ló wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Kò sì sí nǹkan kan fúngbà díẹ̀.

Lọ́sàn-án gangan ọjọ́ kan, oòrùn dúró ṣánṣán, àwọn adìyẹ gan-an ti sá sábẹ́ igi. Nímọ́tà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Àílà. Ó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ òun láti inú yàrá ẹ̀rọ.

"Nímọ́tà o! Nímọ́tà! Èmi ni, èmi Wúrà. Ṣé o ń gbọ́ mi?"

Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín. Ẹ̀rín obìnrin kan, kúkúrú, bí ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó rọra yọjú wo inú yàrá. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ gbogbo wà ní títì, gílóòbù pupa ń tàn. Níta, Ìyá oníẹyin ará Àkúrẹ́ jókòó jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé àwo ẹyin lé itan. Nímọ́tà bi í bóyá ó rí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Obìnrin náà ní òun ò rí ẹnì kankan.

Nímọ́tà bá tọ Ìyá Adébùsóyè lọ. "Màmá, ta ló ń jẹ́ Wúrà níbí?"

Ìyá Adébùsóyè gbé ṣíbí kalẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi Wúrà ṣe?"

"Ó ń pè mí ni."

"Wúrà ti kú, Nímọ́tà. Kí o tó dé ibí yìí rárá ló ti kú."

Háà! Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Láti kékeré ni ìyá Nímọ́tà ti ń kọ́ ọ pé tí èèyàn bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lọ́sàn-án gangan tí kò rí ẹni tó pè é, kó pa ẹnu mọ́, kó má dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn, ó ti gbà láti tẹ̀lé e nìyẹn. Ta ni wọn ò kọ́ báyẹn nínú wa? Nígbà tí ohùn náà tún pè é, Nímọ́tà di ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ mú, ó jáde sí ìta gbangba. Ó ń pè é lọ́jọ́ mìíràn, ó ń pè é. Ìgbàkígbà tó bá sì mú ọkàn le, tó wọlé lọ wò, nǹkan kan ò ṣe àwọn ẹ̀rọ.

Ọjọ́ tí nǹkan wá ṣe wọ́n lóòótọ́, tí ooru ga ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn kan náà ló pè é, ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rín kan náà. Nímọ́tà ò dáhùn. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ka àdúrà. Ẹyin jinná sínú èèpo.

Nígbà tí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dé Oǹdó, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ náà ṣì wà nínú ilé. Ìyá Adébùsóyè fún un ní àga.

"Ìmọ́lẹ̀, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ ń pe òṣìṣẹ́ mi."

"Màmá, ẹ̀rọ ni, ẹ má bínú. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni."

"O dáa. Ìgbà tí ẹ gba ohùn yẹn, Nímọ́tà wà níbí?"

"Rárá, Màmá."

"Ta ló wá sọ orúkọ Nímọ́tà fún òkú?"

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ yí ojú sí yàrá ẹ̀rọ. Ara rẹ̀ tutù nínú ooru yẹn. Ó ti gbàgbé ohun gbogbo tó mọ̀.

Nímọ́tà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fẹ́ fi ẹ̀rín pa á rẹ́. "Aǹtí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ọkọ ló ń pè mí báyẹn, ṣé ẹ rò pé màá sá?" Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kọjá férémù ìlẹ̀kùn.

Ìyá Adébùsóyè ní, "Ẹyin mìíràn ti wà nínú ẹ̀rọ. Tí ìwọ̀nyí bá tún bàjẹ́, màá ti ilé yìí pa. Yọ ohùn yẹn kúrò. Fi ohùn alààyè síbẹ̀."

"Màmá, mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀. Tí mo bá tún un ṣe tó sì tún pè é lásán, màá yọ ọ́ fúnra mi."

Ìyá Adébùsóyè wò ó títí. "Kí ẹyin tó pa o. Mi ò lè dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ kí òun yọ ohùn Wúrà. Ìyá Wúrà ń gé ilá lọ́wọ́. Ọ̀bẹ dúró.

"Má yọ ọ́."

"Màámi, ó ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ."

"Má yọ ọ́, Ìmọ́lẹ̀. Ẹ ti gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan tí ẹ ò fi ibẹ̀ hàn mí. Ibi kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó wà ni mò ń lọ yẹn." Ó padà sórí ilá. 

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ó ṣí ètò tó ti kọ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ó kà á, ojú tì í. Ẹ wò ó, bó ṣe ṣe é nìyí: gbogbo ohun tó lè bàjẹ́, inú agbọ̀n kan ṣoṣo ló da gbogbo wọn sí, ó sì pe agbọ̀n náà ní Wàhálà. Ooru ni o, Wàhálà. Omi ni o, Wàhálà. Kódà tó bá jẹ́ ètò fúnra rẹ̀ ló ṣìṣe, Wàhálà náà ni. Ó dà bí ilé tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan; tí ọ̀kan bá ṣubú sínú kànga, ẹ ó sáré lọ gbé èyí tó ń sùn lórí ẹní.

Ibẹ̀ ló ti rí ìdí ọ̀rọ̀ Nímọ́tà. Lọ́jọ́ tí wọ́n wà lábẹ́ aṣọ ìbora, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Wúrà ti kọ́kọ́ fi orúkọ ọ̀rẹ́ wọn kan ní Isikan dán fóònù wò. Nímọ́tà ni ọ̀rẹ́ náà ń jẹ́, orúkọ òun àti ti òṣìṣẹ́ yìí ló kàn bára mu. Wúrà ń ṣeré bí ẹni tó ń pè é ni: Nímọ́tà, èmi ni, èmi Wúrà, ṣé o ń gbọ́ mi. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ò pa á rẹ́, ó kó o pọ̀ mọ́ ti iṣẹ́. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tuntun dé, ètò wá orúkọ rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kò rí i. Ó yẹ kí ìyẹn fúnra rẹ̀ di igbe tó máa dé etí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀. Ṣùgbọ́n inú agbọ̀n Wàhálà náà ló bọ́ sí, agbọ̀n sì ti gba àṣẹ pé ohun yòówù kó dé, má dákẹ́, wá ohunkóhun tó bá ní orúkọ yẹn nínú, kí o sọ ọ́. Ló bá lọ hú eré ọjọ́ yẹn jáde.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹ́kù tí kò yé e. Kí ló ń jẹ́ kí ètò máa ké lọ́sàn-án gangan, tí nǹkan kan ò sì ṣe ẹ̀rọ? Ó wá ìdí rẹ̀ tì. Agbọ̀n Wàhálà kì í tọ́jú ìdí. Ó ń gbé igbe mì ni.

Ó tún un kọ láti ìpìlẹ̀. Ó kọ́kọ́ dá igbe kan sílẹ̀ tó jẹ́ ìyá, kíláàsì ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì bí àwọn ọmọ sábẹ́ rẹ̀. Igbe Ooru. Igbe Omi. Igbe Iná. Igbe Ìlẹ̀kùn. Ohun tí ìyá ní, gbogbo ọmọ jogún rẹ̀: ẹ̀rọ wo ni, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, oníkálukú ní ẹrù tirẹ̀. Igbe Ooru á sọ bí ooru ṣe ga tó. Igbe Ìlẹ̀kùn ò nílò ìyẹn, ibi tó ti ṣí sílẹ̀ ni tirẹ̀. Ó bí ọ̀kan lọ́tọ̀ fún orúkọ tí a kò bá rí ohùn rẹ̀, ìyẹn ò sì gbọdọ̀ dé gbohùngbohùn láéláé. Fóònù Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ló máa wá. Tí igbe kan bá sì bí òmíràn, èyí tó kẹ́yìn á pọn èyí àkọ́kọ́ sẹ́yìn wá, kí a lè rí orísun. Kò sí agbọ̀n tó ń gbé gbogbo nǹkan mì mọ́. Èyí tí òṣìṣẹ́ bá lè tún ṣe nìkan ni wọ́n á fi pè é.

Ó tún wò ó pé ọ̀rọ̀ Nímọ́tà ṣì kù. Ta ló ń wọ ilé onílé tó kàn ń pe orúkọ èèyàn? Àgò là ń kí. A ó ní èmi lágbájá ni, ibi báyìí ni mo ti wá, kí a tó pe onílé. Ó pinnu pé igbe kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ pé lọ́wọ́ rẹ̀: ooru, omi, iná, ìlẹ̀kùn. Ohun tí kò ní ni "èmi ni." Ibì kan ṣoṣo ni Wúrà ti sọ ọ́, nínú eré yẹn. Èmi ni, èmi Wúrà.

Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ohùn máa ń jáde lójú kọ̀ǹpútà bí òkè kéékèèké, ẹ ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti mí. Ó gé orúkọ Nímọ́tà yọ kí ètò lè máa fi pe òṣìṣẹ́, ó sì gé ìyókù lẹ́yìn "èmi ni." Wúrà, orúkọ nìkan, kù sápá kejì, ó dá dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ láti fi dán an wò. "Wúrà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí sí i létí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n bi léèrè orúkọ níbi tí kò ti mọ ẹnì kankan. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ yọ ọ́ kúrò kíákíá. Ó so ìyókù pọ̀. Níta, àwọn ará ilé kejì ń fa omi, okùn ń dún lára kànga, oòrùn ń ràn.

Lọ́jọ́ tó gbé ètò tuntun lọ sí Oǹdó, ìyá rẹ̀ ní ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dé, ó fi ètò sínú ẹ̀rọ, ó dán ooru wò, ó dán omi wò, ohun gbogbo ṣe déédéé. Ẹyin ti ń súnmọ́ àtipa. Nígbà tó wà nínú yàrá yẹn, àwọn ọmọ inú èèpo ń ké yí i ká, ó sì dà bíi pé wọ́n ń dákẹ́ nígbàkígbà tó bá yí ojú sí wọn.

Ó jáde, ó jókòó pẹ̀lú Ìyá Adébùsóyè lọ́dẹ̀dẹ̀ iwájú. Oòrùn bọ́ sókè orí. Nímọ́tà gbé kẹ́tù omi, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ fún Àílà. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ìyá Adébùsóyè ti ń tòògbé.

Gbohùngbohùn húkọ́.

"Èmi ni. Ìlẹ̀kùn. Ẹ̀rọ kejì. Ó ṣí sílẹ̀. Nímọ́tà. Wá wo ẹ̀rọ."

Ohùn Wúrà ni, ṣùgbọ́n kò so kọ́ra. Ọ̀rọ̀ kan wá láti òkè, èyí tó tẹ̀ lé e wá láti ìsàlẹ̀, bíi pé èèyàn púpọ̀ ló ń pín ẹnu kan lò. Irun orí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ dìde, òun tó so ó pọ̀ fúnra rẹ̀.

Láti ẹ̀yìnkùlé, Nímọ́tà dáhùn. "Ìlẹ̀kùn kẹ̀? Mò ń bọ̀ o!" Ó ti ń sáré bọ̀, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Adébùsóyè ta jí, ó wá bàtà. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Nínú pupa yẹn, ẹnì kan dúró ti ẹ̀rọ kejì. Ó ti tú gèlè rẹ̀, gèlè wà léjìká. Ó fi iwájú orí ti ara ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ kan di ìlẹ̀kùn mú ní ṣíṣí. Àwo ẹyin wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màámi?"

Obìnrin náà ò yíjú. "Kí ló wí yẹn?"

"Màámi, ẹ ti ìlẹ̀kùn. Ẹyin ń tutù."

"Mo ní kí ló wí. Òun kọ́ ló máa ń sọ báyẹn. Ó máa ń ní, èmi Wúrà. Ó máa ń rẹ́rìn-ín."

Ìlẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, nítorí náà ó tún ké. "Èmi ni. Ìlẹ̀kùn. Ẹ̀rọ kejì. Ó ṣí sílẹ̀."

Nímọ́tà ti dé, ó di apá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ mú. "Ìyá oníẹyin! Ẹ̀yin ni? Ẹ̀yin lẹ máa ń ṣí i nígbà tí mo bá ń kírun?"

Ìyá Wúrà wá yíjú. Ojú rẹ̀ gbẹ. "Ọmọ mi, má bínú. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, mo máa ń yára tì í padà. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Mo rò pé ó ń dùn mọ́ ìwọ náà, tó ń pè ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò pe èmi rí."

 Àwọn ọmọ inú èèpo nìkan ló ń ké.

Ó tún kọjú sí ẹ̀rọ. "Ìmọ́lẹ̀, ta ló ní òun jẹ́?"

"Ìlẹ̀kùn, Màámi."

"Òun fúnra rẹ̀ ló pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó bá ń ké ló ń dárúkọ ara rẹ̀ báyìí. Ohùn Aǹtí ni, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ló ń sọ̀rọ̀."

Ìyá Wúrà tẹ́tí títí ó fi tún sọ ọ́ tán. Èmi ni, ìlẹ̀kùn. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà ilé tó mọ̀ dáadáa, tí àlejò wá yọjú síta tó ní ta lẹ ń wá. Ó ti ìlẹ̀kùn náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, jẹ́jẹ́. Ohùn náà dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀.

"Wúrà mi kọ́ nìyẹn," ló wí. "Mo fẹ́ lọ s'úlé."

Ní ìta, Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kúnlẹ̀ fún Ìyá Adébùsóyè, ó ní òun máa yọ ohùn náà kí òun tó lọ, pé àdéhùn làdéhùn. Ìyá Adébùsóyè wo Ìyá Wúrà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tó ń wé gèlè rẹ̀ tí gèlè ò mú. Òun náà ti bímọ, òun náà ti pàdánù ọmọ. Ó ní, "Ìwọ Nímọ́tà, ìwọ lò ń bá a gbé. Kí ni ká ṣe sí i?"

Nímọ́tà ronú díẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀, Màmá. Tẹ́lẹ̀, ó kàn ń pe orúkọ mi ni, mi ò mọ ohun tó fẹ́ fi mí ṣe. Ní báyìí, ó ti kí àgò. Ẹni tó bá kí àgò, a máa ń dá a lóhùn." Ó wá fi ẹ̀rín kún un: "Ṣùgbọ́n kí Ìyá oníẹyin jọ̀wọ́ máa jẹ́ kí n kírun tán o."

Ìyá oníẹyin ò ní padà wá mọ́. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ti mọ̀ ọ́n lójú rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n jókòó sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ kọjú sí fèrèsé títí wọ́n fi jáde kúrò ní Oǹdó. Nígbà tó yá, ó béèrè láìyíjú:

"Orúkọ rẹ̀ tó máa ń wà níbẹ̀ yẹn, níbo lo gbé e sí?"

"Mo gé e kúrò, Màámi. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà nílé."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan."

 Nígbà tí wọ́n dé Isikan, tí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ fẹ́ wọ yàrá ẹ̀yìn, ó rí i pé ìyá òun ò wọ ibẹ̀ bó ti máa ń ṣe; ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo kọ̀ǹpútà tó wà ní pípa, ó sì ń fọwọ́ lọ́ etí aṣọ rẹ̀ bí ẹni tí òtútù mú.

Àwọn ẹyin yẹn pa dáadáa. Àwọn ará Oǹdó wá kó òròmọdìyẹ wọn, ilé ìsàba ò tì. Ìyá Wúrà ń ra ẹyin ní Àkúrẹ́ báyìí. Kò béèrè Oǹdó mọ́, tí ẹnikẹ́ni bá sì dárúkọ ibẹ̀, á wá nǹkan ṣe. Ohùn ọmọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nínú yàrá pupa yẹn. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, á ké, Nímọ́tà á sì dá a lóhùn. Nígbà mìíràn ó ń jẹ́ Iná. Nígbà mìíràn ó ń jẹ́ Omi. Lọ́sàn-án gangan, tí atẹ́gùn bá fa nǹkan ṣí, ó ń jẹ́ Ìlẹ̀kùn.